Bí A Ṣe Ń Gbé Sìtíárìn Háídírọ́líìkì Pátápátá Sínú Ọkọ̀ Inú Igbó: Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Láti Táyà

Iṣẹ́ yìí máa ń já ọ̀pọ̀ ènìyàn kulẹ̀. Wọ́n á ra ráàmù ńlá (sìlíńdà tí ọ́ìlì ń tì kó lè yí táyà), wọ́n á ra orbital (ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá sìtíárìn, tó ń darí ọ́ìlì sí ráàmù), wọ́n á so hóòsì pọ̀, wọ́n á tan ẹ́ńjìnì. Lẹ́yìn náà ni wàhálà á bẹ̀rẹ̀: sìtíárìn le koko bí wọn kò bá tẹ ẹ́ńjìnì, tàbí kí awakọ̀ máa yí i lọ títí kí táyà tó dé ibi tó ń lọ, tàbí kí ọkọ̀ ṣì máa yà lẹ́yìn tí ọwọ́ ti kúrò lórí sìtíárìn. Nínú gbogbo èyí, kò sí ohun tí wọ́n rà tó bàjẹ́. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni kò dára. Wọ́n ti ọwọ́ awakọ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń lọ sí táyà. Táyà ló yẹ kó sọ bí ráàmù ṣe máa gùn tó, kí ráàmù sọ bí orbital ṣe máa tóbi tó, kí orbital sọ irú páǹpù tó máa bọ́ ọ. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ètò yìí kò ní ra nǹkan lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ kí a tó mú sípánà. Nínú ètò yìí, kò sí irin kankan tó so ọwọ́ yín mọ́ táyà. Ọ́ìlì nìkan ni. Bí hóòsì bá bẹ́, sìtíárìn ti lọ nìyẹn. Nítorí náà, òfin ojú títì kò gbà á ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ọkọ̀ tó ń gun àpáta, tó ń rìn nínú ẹrẹ̀, tí wọ́n ń fi tírélà gbé dé ibi eré, ló wà fún. Bí ọkọ̀ yín bá ṣì ń rìn láàárín àwọn èrò, ẹ jẹ́ kí gíáàsì sìtíárìn rẹ̀ wà níbẹ̀, kí ẹ fi ráàmù kékeré ràn án lọ́wọ́. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ó sì dára fún un.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ráàmù olórí méjì, ìyẹn èyí tí ọ̀pá rẹ̀ yọ lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Ẹ má ra olórí kan. Ọ̀pá tó wà ní apá kan ṣoṣo máa ń gba ààyè ọ́ìlì ní apá yẹn, nítorí náà iye ìgbà tí ẹ máa yí sìtíárìn sí òsì kò ní bá ti ọ̀tún mu, agbára rẹ̀ náà kò sì ní dọ́gba.
- Orbital valve, irú tí wọ́n ń pè ní open centre (tó ń jẹ́ kí ọ́ìlì máa kọjá nígbà tí ẹnikẹ́ni kò yí sìtíárìn), tí páǹpù yín bá jẹ́ páǹpù sìtíárìn lásán tó ń yí pẹ̀lú bẹ́ẹ̀tì.
- Páǹpù tó ní relief valve (ọ̀nà tó ń ṣí bí ìfúnpá bá ga jù), agolo ọ́ìlì, fílítà, àti rédíétọ̀ kékeré fún ọ́ìlì.
- Hóòsì háídírọ́líìkì gidi tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ ẹnu rẹ̀, pẹ̀lú ìdérí fún gbogbo ihò.
- Ọ̀pá sìtíárìn tó ní bẹ́ríìnì lókè àti nísàlẹ̀, tí eyín ẹnu rẹ̀ bá ti orbital mu.
- Táírọ́ọ̀dù kúkúrú méjì (ọ̀pá tó ń so ráàmù mọ́ ẹsẹ̀ táyà), heim joint mẹ́rin, ìyẹn ìsopọ̀ olórí róbótó tó ń wà lẹ́nu táírọ́ọ̀dù (méjì eyín ọ̀tún, méjì eyín òsì), àti nọ́ọ̀tì tí a fi ń há wọn.
- Páálí irin tó nípọn tó mìlímítà 10 fún ìdè ráàmù.
- Gééjì ìfúnpá tó ka dé 200 bar (bar ni a fi ń wọn ìfúnpá), ohun ìwọn ìgun, tépù, sítáàńdì jáàkì tó lágbára, ẹ̀rọ ìwọn ooru tí a ń nà sí nǹkan, páálí ìwé kan, àti aṣọ mímọ́ púpọ̀.

Ẹ má fojú kéré aṣọ mímọ́ yẹn. Ìdọ̀tí ló ń pa orbital jù, kì í ṣe iṣẹ́ àṣejù.

1. Ẹ wọn táyà kí ẹ tó wọn ohunkóhun

Ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè lórí sítáàńdì, kí ẹ yọ ọ̀pá tó so gíáàsì sìtíárìn mọ́ knuckle (irin tí táyà so mọ́, tó ń yí pẹ̀lú rẹ̀) àti táírọ́ọ̀dù àtijọ́. Ẹ yọ táyà, kí ẹ fi ọwọ́ yí knuckle kan títí ohun kan fi máa dá a dúró. Nínú áksù iwájú tó ń wa ọkọ̀, júńkì inú ọ̀pá áksù (ìsopọ̀ tó ń jẹ́ kí ọ̀pá máa yí bó tilẹ̀ tẹ̀) ló sábà máa ń kọ́kọ́ há. Ẹ máa yí ọ̀pá náà bí ẹ ṣe ń yí knuckle, kí ẹ lè mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í há. Níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í le, ẹ dá a padà díẹ̀, kí ẹ sì wọn ìgun náà. Ẹ ṣe é sí òsì àti sí ọ̀tún, ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìgun tó kéré jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ẹ máa lò.

Ẹ tún wọn apá knuckle: láti àárín ibi tó ń yí lé lórí dé ihò tí heim joint máa wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan, òun náà ni a máa lò dé òpin. Apá knuckle gùn ní sẹ̀ǹtímítà 15, ìgun tí a fẹ́ sì jẹ́ 40° sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Sine 40° jẹ́ 0.643. Ẹ fi lu 15, ó di 9.6. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 19.3. Ìrìn tí ọ̀pá ráàmù gbọ́dọ̀ rìn láti òpin kan dé èkejì nìyẹn. Ráàmù tó ń rìn ní íńsì 8, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 20.3, ló sún mọ́ ọn jù lọ́jà. Ó fi sẹ̀ǹtímítà kan gùn jù, a ó sì rí sí ìyẹn ní ìpele kẹrin.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: wọ́n á ní kí ráàmù gùn púpọ̀ kí táyà lè yà púpọ̀. Ráàmù kò mọ̀ pé júńkì ti há. Ó máa tì í títí ohun kan fi máa kán.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ní nọ́ńbà mẹ́ta lórí ìwé, ìgun, gígùn apá knuckle, àti ìrìn ráàmù. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ àbá lásán, ẹ padà lọ wọ̀n ọ́n.

2. Ẹ ṣírò ọ́ìlì, kí ẹ tó ra orbital

Ibí yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé.

Ráàmù tí ọ̀pọ̀ ń lò fẹ̀ ní íńsì 2.5 nínú, ọ̀pá rẹ̀ sì nípọn ní íńsì 1.5. Ní sẹ̀ǹtímítà, 6.35 àti 3.81. Ojú tí ọ́ìlì ń tì ni fífẹ̀ ráàmù láìka ọ̀pá àárín rẹ̀: ẹ lu 6.35 mọ́ ara rẹ̀, ẹ lu 3.81 mọ́ ara rẹ̀, ẹ yọ ìkejì kúrò lára ìkíní, kí ẹ fi 0.785 lu ohun tó kù. Ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20.3 onígun mẹ́rin. Ẹ wá fi ìrìn 19.3 lù ú: ó tó 391 cc (cubic centimetre). Ìyẹn ni iye ọ́ìlì tó gbọ́dọ̀ kọjá kí táyà tó ti òpin òsì dé òpin ọ̀tún.

Orbital máa ń tú iye ọ́ìlì kan pàtó jáde ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí sìtíárìn lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni 80, 100, 125, 160 àti 200 cc. Ẹ pín 391 fún wọn:

- 100 cc: ìyípo 3.9
- 125 cc: ìyípo 3.1
- 160 cc: ìyípo 2.4

Lójú tèmi, 125 ni kí ẹni tó ń gun àpáta tó sì tún ń sáré díẹ̀ mú. 160 dùn fún àpáta nìkan, níbi tí ọkọ̀ ń rákò, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń sáré, bí ọwọ́ bá gbọ̀n díẹ̀, ọkọ̀ á ti fò sí ẹ̀gbẹ́. 100 máa rẹ apá.

Páǹpù ló kàn. Ọwọ́ ènìyàn tó ń yára lè yí sìtíárìn tó ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan. 125 cc lọ́nà 100 jẹ́ lítà 12.5 ní ìṣẹ́jú kan. 160 cc jẹ́ lítà 16. Páǹpù gbọ́dọ̀ fún yín ní iye yẹn nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ̀ ẹ́, torí lórí àpáta, ìgbà tí ẹ kò tẹ ẹ́ńjìnì gan-an ni ẹ máa ń fẹ́ yí táyà jù. Ọ̀pọ̀ páǹpù ọkọ̀ lásán ni wọ́n fi ihò tóóró dín ìṣàn rẹ̀ kù lẹ́nu, kò sì lè tó. Ẹ lè fi púlè tó kéré sí i yára páǹpù náà, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò eré rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ké tán, kó má kọjá ohun tí ẹni tó ṣe páǹpù fọwọ́ sí.

Agbára ńkọ́? Ní 100 bar, ojú 20.3 yẹn máa tì pẹ̀lú agbára tó tó tọ́ọ̀nù méjì. Ìyẹn tó fún ọ̀pọ̀ táyà ńlá. Síbẹ̀, àwọn kan á ní àwọn fẹ́ ráàmù íńsì 3. Ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá kan náà: ojú rẹ̀ di 34.2, ọ́ìlì rẹ̀ di 660 cc, orbital 160 á sì béèrè ìyípo 4.1. Agbára ti pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ ń jìyà, páǹpù sì gbọ́dọ̀ tóbi sí i. Ẹ kò ní rí agbára gbà láìsan nǹkan kan padà.

Nǹkan méjì ni kí ẹ wò lára orbital kí ẹ tó sanwó. Èkíní, open centre ni kó jẹ́, bí mo ṣe sọ. Closed centre lórí páǹpù lásán máa ti ọ̀nà mọ́ ọ́ìlì, relief valve á máa ṣí nígbà gbogbo, ọ́ìlì á sì máa hó. Èkejì, bóyá ó ń dá ipá táyà padà sí ọwọ́ (load reaction) tàbí kò dá a padà. Èyí tó ń dá a padà máa ń jẹ́ kí sìtíárìn fúnra rẹ̀ padà sí àárín nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, ráàmù olórí méjì nìkan ló sì ń bá ṣiṣẹ́. Èyí tí kì í dá a padà ló dára fún àpáta: òkúta lè gbá táyà, ọwọ́ yín kò ní mọ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: ìyípo mélòó, lítà mélòó láìtẹ̀ ẹ́ńjìnì, bar mélòó. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè sọ cc orbital tàbí lítà páǹpù, ẹ wá ẹlòmíràn.

3. Ìdè ráàmù

Ara ráàmù wà lórí áksù, ọ̀pá rẹ̀ ló ń rìn. Nítorí pé, ní ti sìtíárìn, hóòsì nìkan ló so áksù mọ́ ṣásí, táyà kò ní máa yà fúnra rẹ̀ mọ́ nígbà tí sípíríńgì bá ń lọ sókè-sódò. Èrè ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí áksù yín bá ní ọ̀pá tó ń dì í mú láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má yọ ọ́ nítorí pé ọ̀pá sìtíárìn ti lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ gbé ráàmù sí iwájú tàbí ẹ̀yìn áksù, níbi tí kò ní kan ìdérí dífù (ilé gíá tó wà lára áksù), ọ̀pá ẹ́ńjìnì tàbí agolo ọ́ìlì ẹ́ńjìnì nígbà tí sípíríńgì bá tẹ̀ wọlé tán. Ó gbọ́dọ̀ bá áksù dọ́gba bí a bá wò ó láti iwájú àti bí a bá wò ó láti òkè. Ọ̀pá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà ní gíga kan náà pẹ̀lú ihò apá knuckle, tàbí kó sún mọ́ ọn gan-an. Bí táírọ́ọ̀dù bá lọ sókè tàbí sódò púpọ̀, ipá tọ́ọ̀nù méjì yẹn á máa tẹ ọ̀pá ráàmù, síìlì á sì jẹ kíákíá.

Ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n láti ojú ihò knuckle òsì dé orí ráàmù, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lápá ọ̀tún. Àárín ráàmù gbọ́dọ̀ wà ní àárín àwọn knuckle méjèèjì, kì í ṣe àárín dífù. Dífù kì í sábà wà ní àárín áksù, ọ̀pọ̀ sì ti fi ojú dífù ṣe àmì.

Lórí jíjó irin: ẹ yọ ráàmù kúrò pátápátá kí wẹ́dà tó tan iná. Ẹ fi bóòtù de irin mìíràn tó ní ìwọ̀n kan náà síbẹ̀ kí ìdè má baà wọ́. Bí iná wẹ́dà bá kọjá nínú ráàmù tàbí heim joint, ó máa jó ojú ibi tí irin ti ń kan irin. Èédú iná kan ṣoṣo tó bá bọ́ sórí ọ̀pá dídán yẹn máa fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀, ojú ọgbẹ́ yẹn ló sì máa ya síìlì lójoojúmọ́. Ẹ tún yẹ ilé dífù wò. Irin dídà ni ti ọ̀pọ̀ áksù, kì í sì í gba jíjó lásán láìkọ́kọ́ mú un gbóná. Bí wẹ́dà yín kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ so ìdè mọ́ ọ̀pá irin tó nà kọjá lórí dífù, kó di ọ̀pọ́n áksù méjèèjì mú.

Ìdè gbọ́dọ̀ di bóòtù mú láti òkè àti ìsàlẹ̀. Bóòtù tí a dì mú ní apá kan máa tẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi ráàmù sí i, kí ihò rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lẹ́nu. Ẹ fi ọwọ́ ti ọ̀pá láti òpin dé òpin. Kó máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé áksù sókè tán, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tán, ẹ̀gbẹ́ kan lókè, ẹ̀gbẹ́ kan nísàlẹ̀. Ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ kan ráàmù.

4. Táírọ́ọ̀dù àti ibi ìdúró

Èyí yára. Ẹ fi ọ̀pá ráàmù sí àárín gédégédé: tépù gbọ́dọ̀ ka iye kan náà lápá òsì àti ọ̀tún. Ẹ fi táyà sí ọ̀kánkán, kí ẹ sì yí táírọ́ọ̀dù títí wọ́n fi bá a mu. Eyín heim joint tó wọ inú gbọ́dọ̀ gùn tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ nípọn rẹ̀, ó kéré tán. Iwájú táyà méjèèjì lè súnmọ́ ara wọn ju ẹ̀yìn lọ ní mìlímítà 0 sí 3, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti sẹ̀ǹtímítà kan tó ṣẹ́ kù, ẹ fi òrùka irin há ọ̀pá ráàmù, mìlímítà 5 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ráàmù fúnra rẹ̀ dúró díẹ̀ ṣáájú kí knuckle tó kan bóòtù ìdúró rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òrùka náà tẹ́ dáadáa lójú ráàmù, torí òun ló máa gba gbogbo ipá náà.

*Àyẹ̀wò:* ẹ yí táyà dé òpin méjèèjì, kí ẹ yí ọ̀pá áksù lọ́wọ́ níbẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ há rárá.

5. Orbital àti ọ̀pá sìtíárìn

Ibi tí ọkọ̀ ti ń yà fúnra rẹ̀ nìyí, nítorí náà ẹ má kánjú.

Nínú orbital, irin róbótó kan wà nínú irin róbótó mìíràn, wọ́n sún mọ́ ara wọn débi pé ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà láàárín wọn. Sípíríńgì pẹlẹbẹ kéékèèké ló ń dá wọn padà sí àárín. Bí ẹ bá yí sìtíárìn, ẹ ń yí irin inú kúrò ní ọ̀kánkán irin òde, ihò á ṣí, ọ́ìlì á lọ sí ráàmù. Bí ẹ bá dúró, sípíríńgì á dá a padà, ihò á pa dé. Sípíríńgì náà kéré, kò lágbára púpọ̀. Bí ọ̀pá sìtíárìn bá ń tì orbital mọ́lẹ̀, tàbí tó wọ́ díẹ̀, tàbí tí bẹ́ríìnì rẹ̀ le, sípíríńgì kò ní lè dá a padà. Ihò á ṣì wà ní ṣíṣí lẹ́yìn tí ọwọ́ ti dúró, ọkọ̀ á sì máa yà lọ. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti pààrọ̀ orbital méjì nítorí bẹ́ríìnì ọ̀pá kan.

Nítorí náà:

Ẹ ṣe ìdè orbital kó le, kó má mì nígbà tí ẹ bá fi agbára yí sìtíárìn. Ẹ gbé e jìnnà sí páìpù èéfín, síbi tí ọwọ́ àti sípánà máa lè dé ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá àti orbital wà lórí ìlà kan. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi júńkì sí àárín, kí ẹ má tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹ fi gírísì sí eyín, kí ẹ sì fi ààyè bíi mìlímítà 2 sílẹ̀ láàárín òpin ọ̀pá àti ìsàlẹ̀ ihò orbital. Bẹ́ríìnì ọ̀pá ló gbọ́dọ̀ gba ìwúwo ara awakọ̀ nígbà tó bá fara ti sìtíárìn, kì í ṣe orbital.

*Àyẹ̀wò:* kí ẹ tó so hóòsì, ẹ yí sìtíárìn díẹ̀ títí ọwọ́ á fi gbọ́ sípíríńgì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ta padà fúnra rẹ̀. Ẹ ṣe é ní ibi mẹ́rin láàárín ìyípo kan. Bí ó bá ta padà ní ibi mẹ́ta tó sì lẹ̀ ní ìkẹrin, ọ̀pá yín wọ́. Ẹ tún un ṣe báyìí, torí lẹ́yìn tí ọ́ìlì bá ti wọlé, omi á ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

6. Hóòsì

Orbital ní àmì mẹ́rin: P ni ọ́ìlì ń gbà wọlé láti páǹpù, T ni ó ń gbà padà sí agolo, L àti R lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ráàmù. Ẹ lo ìwọ̀n -6 fún P, L àti R (nọ́ńbà yìí ń sọ fífẹ̀ hóòsì; bó bá ṣe ga tó ni hóòsì ṣe fẹ̀ tó). Ẹ lo -8 tàbí -10 fún T, torí bí ọ̀nà ìpadà bá tóóró, ìfúnpá á gbára jọ lẹ́yìn síìlì ọrùn orbital, á sì máa jò sí ẹsẹ̀ awakọ̀. Láti T, ọ́ìlì gba rédíétọ̀, ó gba fílítà, ó wọ agolo lábẹ́ ojú ọ́ìlì kó má baà máa fa afẹ́fẹ́. Láti agolo sí páǹpù, ẹ lo -10 tàbí -12, kó kúrú, kí agolo sì ga ju páǹpù lọ. Páǹpù tí kò rí ọ́ìlì fà máa ké, á sì bàjẹ́ láìpẹ́.

Hóòsì P, L àti R gbọ́dọ̀ lè gba 200 bar, ó kéré tán. Ẹ má fi kílíìpù de hóòsì kankan ní apá yìí.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà jù ni eyín ẹnu hóòsì. JIC (irú ẹnu hóòsì kan) tí ojú rẹ̀ jẹ́ 37° àti irú tí ojú rẹ̀ jẹ́ 45° lè wọ ara wọn ní àwọn ìwọ̀n kan, wọ́n á sì máa jò títí ẹ fi máa fọ́ wọn níbi tí ẹ ti ń dì wọ́n le. Ẹ mọ irú tí ẹ ní. Ihò tó ń lo O-ring (òrùka rọ́bà) kò nílò tépù funfun rárá. Ègé tépù kan tó bá já wọlé lè há irin inú orbital.

Ẹ fọ inú hóòsì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kí ẹ sì dé e títí di ìgbà tí ẹ máa so ó.

*Àyẹ̀wò:* ẹ tún gbé áksù sókè-sódò pẹ̀lú táyà ní òpin òsì, lẹ́yìn náà ní òpin ọ̀tún. Hóòsì kò gbọ́dọ̀ nà tán, kò gbọ́dọ̀ ká, kò sì gbọ́dọ̀ fi ara ra irin tàbí táyà.

7. Ọ́ìlì àkọ́kọ́ àti títan ẹ́ńjìnì

Ẹ lo ọ́ìlì tí ẹni tó ṣe páǹpù sọ, irú kan ṣoṣo, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Táyà ṣì wà lókè, ẹ́ńjìnì ṣì wà ní pípa. Ẹ kún agolo, kí ẹnì kan máa yí sìtíárìn jẹ́jẹ́ láti òpin dé òpin, kí ẹlòmíràn máa fi ọ́ìlì kún un. Ẹ ṣe é títí ojú ọ́ìlì kò fi ní lọ sílẹ̀ mọ́.

Ẹ wá tan ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ pa á, kí ẹ sì wo agolo. Ní ìgbà àkọ́kọ́ yìí, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má sí lórí sìtíárìn. Bí hóòsì bá ṣì ọ̀nà, tàbí tí ẹnì kan ti tú orbital tó sì dá a padà láìtọ́, sìtíárìn lè máa yí fúnra rẹ̀ pẹ̀lú agbára tó lè kán ìka. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ yẹ P àti T wò. Bí ẹ bá yí i sí òsì tí táyà lọ sí ọ̀tún, ẹ kàn pààrọ̀ L àti R.

Ọ́ìlì tó funfun tó ń hó ìfófó ní afẹ́fẹ́ nínú. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ kó sinmi títí ó fi máa mọ́, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má fi ọwọ́ wá ibi tó ń jò. Ọ́ìlì tó ń tú láti ihò abẹ́rẹ́ ní 100 bar lè gún awọ ara wọlé, ilé ìwòsàn ni ẹni tó bá gún gbọ́dọ̀ sáré lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Páálí ìwé ni ẹ máa na sí ẹ̀gbẹ́ hóòsì.

*Àyẹ̀wò:* ọ́ìlì mọ́, páǹpù kò ké, sìtíárìn ń lọ dọ́gba láìta, iye ìyípo láti òpin dé òpin sì bá ìṣirò ìpele kejì mu. Bí ó bá fi púpọ̀ jù ú lọ, afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀ tàbí ọ́ìlì ń kọjá níbi tí kò yẹ.

8. Gééjì àti ooru

Ẹ so gééjì mọ́ P. Pẹ̀lú táyà ní ọ̀kánkán, láìtẹ̀ ẹ́ńjìnì, ìfúnpá gbọ́dọ̀ kéré. Bó bá ga láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí sìtíárìn, ọ̀nà ìpadà ti dí, tàbí closed centre ni wọ́n tà fún yín. Ẹ yí i dé òpin, kí ẹ dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré. Ohun tí gééjì kà níbẹ̀ ni relief valve yín. Ẹ má gbé e sókè ju ohun tí èyí tó lágbára kéré jù nínú páǹpù, orbital, ráàmù àti hóòsì lè gbà.

Lórí òpin yẹn kan náà, ẹ fi agbára díẹ̀ ti sìtíárìn lọ. Ó lè máa rá díẹ̀díẹ̀, kò burú. Bó bá ń yí lọ láìdúró, ọ́ìlì ń kọjá nínú. Láti mọ èyí tó jẹ̀bi, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ yọ hóòsì L àti R lára orbital, kí ẹ fi ìdérí tó lè gba ìfúnpá dí ihò náà, kí ẹ tún dán an wò. Bó bá dúró, síìlì ráàmù ni. Bó bá ṣì ń yí, orbital ni.

*Àyẹ̀wò:* lẹ́yìn iṣẹ́ líle, ẹ na ẹ̀rọ ìwọn ooru sí agolo. Mo fẹ́ kó wà lábẹ́ 90°C. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ fún rédíétọ̀ ní afẹ́fẹ́ sí i.

9. Wíwà á fún ìgbà àkọ́kọ́

Ibi títẹ́jú tí kò sí èrò, pẹ̀lú eré ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ẹ dán bíréèkì wò kí ẹ tó dán sìtíárìn, torí bíréèkì nìkan ló máa kù bí hóòsì bá bẹ́. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ẹ yí sìtíárìn díẹ̀, kí ẹ sì dá ọwọ́ dúró. Táyà gbọ́dọ̀ dúró níbi tí ẹ fi í sí. Bó bá ń yà lọ, ẹ padà sí ìpele karùn-ún. Ẹ tún pa ẹ́ńjìnì nígbà tí ọkọ̀ ń rákò, kí ẹ gbìyànjú láti yí i. Orbital á di páǹpù ọwọ́, táyà á ṣì máa yà, ṣùgbọ́n ó máa wúwo gan-an. Kí gbogbo ẹni tó máa wa ọkọ̀ náà gbọ́ ìwúwo yẹn lápá rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sórí òkè.

Ẹ má dààmú bí àárín sìtíárìn bá ń yípo kúrò níbi tó wà láàárọ̀. Ọ́ìlì tó ń rá nínú orbital ló ń fà á, kò sì sí irin tó máa dá a padà. Ẹ má lẹ àmì mọ́ sìtíárìn. Ẹ lẹ ẹ́ mọ́ táírọ́ọ̀dù tàbí orí táyà níbi tí ẹ lè rí i láti orí ìjókòó.

*Àyẹ̀wò:* kí ọkọ̀ tó lọ síbi eré, ẹ dì gbogbo bóòtù ìdè àti nọ́ọ̀tì heim joint lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kọjá lórí nọ́ọ̀tì àti irin tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ojú lè rí i bí èyíkéyìí bá yí. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá iṣẹ́ àkọ́kọ́, ẹ pààrọ̀ fílítà, ẹ gé èyí tí ẹ yọ sí méjì, kí ẹ sì wo inú rẹ̀. Eruku irin díẹ̀ kò burú. Ègé irin tí ìka lè mú, ẹ tú hóòsì wò kí ọkọ̀ tó tún rìn.